Jọ́ọ̀gì Ọmọ Ọdún Mẹ́ta

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Dàpọ̀ wa mọ́tò lọ sí Temple Hills, nítòsí DC, láti gba jọ́ọ̀gì amọ̀ tó ní kí wọ́n bá òun mọ fún Ògo, ọmọ rẹ̀. Tó bá di Sátidé, á pé ọdún mẹ́ta géérégé tí wọ́n bí Ògo. Jọ́ọ̀gì náà kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Zoe, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń mọ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀, ti ya ọmọdé kan sí i lára, ó fi òdòdó dé e lórí, ó sì fa ìtàkùn àjàrà yí i ká. Dàpọ̀ yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, kò rí àléébù kan.

“Má fi í sínú díṣíwọ́ṣà tó ń fọ abọ́ o,” Zoe kìlọ̀ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì. “Ọ̀dà ara rẹ̀ lè ṣí.”

“Ẹnikẹ́ni ò ní fọ̀ ọ́,” Dàpọ̀ dáhùn.

Zoe rẹ́rìn-ín, ó ní kó bá òun kí ọmọ náà kú ọjọ́ ìbí. Dàpọ̀ dúpẹ́, ó sì jáde.

Mùsíọ́mù kan ní DC ni Dàpọ̀ ti ń ṣe sìkiọ́rítì, ọdún kẹfà rèé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Yàrá àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni wọ́n fi í ṣọ́, láàárín àwọn ìkòkò tí ọjọ́ orí wọn ju ti ìjọ Kristi lọ. Ta ni yóò jí ìkòkò? Bí ìdúró bá ti sú u, á máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, títí gbogbo rẹ̀ fi di àkọ́sórí. Ó mọ Díónísọ́ọ̀sì, òrìṣà ọtí, bí ẹni mọ ará àdúgbò. Ààrá ló pa ìyá òrìṣà yìí nígbà tó lóyún rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bá yọ ọmọ náà, ó rán an mọ́ itan ara rẹ̀ títí oṣù fi pé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bí i. Tó bá di nǹkan bí oṣù Fébúárì, àwọn ará Átẹ́ǹsì, ìlú Gíríìsì àtijọ́, á ṣí ọtí tuntun lórúkọ rẹ̀, wọ́n á dé òdòdó fún ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́ta, wọ́n á sì fún un ní jọ́ọ̀gì tirẹ̀. Ọmọ tó bá gba jọ́ọ̀gì ti wọ ẹgbẹ́ èèyàn nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ó gbé Ògo débẹ̀. Ògo tẹ imú mọ́ gíláàsì, ó na ìka sí jọ́ọ̀gì tó kéré jù, ó ní, “Mine.” Dàpọ̀ ṣèlérí fún un níbẹ̀ pé tó bá di ọdún mẹ́ta, tirẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìlérí yẹn nìkan ló kù tó ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀, Akínwùmí, ni ìṣòro ibẹ̀. Wọ́dìn ni nínú ìjọ Áńgílíkà wọn ní Fort Washington, àṣẹ pípa kì í sì í sú u. Òun ló gba ètò Sátidé mọ́ra látòkè délẹ̀: òdòdó funfun, oúnjẹ, àwọn ọmọ Sunday school tó máa kọrin. Nígbà tí Dàpọ̀ délé, Akínwùmí ti jókòó ní pálọ̀.

“Kólòbó wo nìyí?”

“Jọ́ọ̀gì ni, bọ̀ọ̀dá mi. Ti Ògo ni.”

“Ìwọ Dàpọ̀! Òrìṣà ọ̀mùtí tó o máa ń sọ yẹn lo fẹ́ kó wọ church? Kí ni mo fẹ́ sọ fún Reverend?”

“Jésù náà pe ara rẹ̀ ní àjàrà tòótọ́. Ẹ sọ ìyẹn fún wọn.”

“Don’t quote Bible for me, jọ̀ọ́. Teddy bear ẹ̀ á wà níbẹ̀, Bible kékeré á wà níbẹ̀. Kò tó ni? Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.”

“Mo ti ṣèlérí fún un, sà. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi mú un lọ, torí èmi ò ní lè débẹ̀.”

Akínwùmí fúnra rẹ̀ ló sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó má wá.

Oyèníkẹ́, ìyàwó Dàpọ̀, jáde láti yàrá pẹ̀lú aṣọ funfun Ògo lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti lọ̀ ọ́ láti àárọ̀. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, òun àti ọkọ rẹ̀ kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n béèrè kọ́kọ́rọ́ lọ.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wọ sweater lé e,” ó wí. “Òtútù ń mú.”

“Wọ́n á wọ̀ ọ́ fún un, Ìyá Ògo.”

Bó ti gbọ́ orúkọ yẹn, ó kọjú sí ògiri. “Kó mú jọ́ọ̀gì ẹ̀ dání. Ẹ má bá bàbá ẹ̀ jà.”

Akínwùmí gba jọ́ọ̀gì, ó fi áńkáṣíìfù wé e. “Màá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ fúnra mi,” ó ní. “Reverend ò nílò kí wọ́n mọ̀.”

Lọ́jọ́ Sátidé, Dàpọ̀ wẹ̀, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó sì jókòó sí pálọ̀. Oyèníkẹ́ wá jókòó tì í. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, fóònù dún.

“Mo ti fi sí i lọ́wọ́ ọ̀tún,” Akínwùmí sọ. Àwọn ọmọdé ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé ó gba ọwọ́ ẹ̀?”

“Ó gbà á dáadáa.”

“Ẹ ṣé, bọ̀ọ̀dá mi.”

“Pa fóònù báyìí, Dàpọ̀,” Akínwùmí wí, torí wọ́n ti fẹ́ kan pósí kékeré náà pa, òbí kì í sì í fojú rí ibojì ọmọ rẹ̀, kì í sì í gbọ́ ìró yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń dà lé e.