Kóló Wa Kò Gba Odì

Kóló ilé wa kọ̀, kò ṣí láàárọ̀ òní. Ó ní:

"Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ ṣì ń yan odì. Ohùn tọkọtaya ni mo fi ń ṣí. Ẹ kí ìyàwó yín."

Èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ti yan odì látọjọ́ tó fi ẹran mi fún ológbò. Ọkọ̀ òfuurufú tí a háyà sì ti dé ẹnu ọ̀nà. Bí a kò bá rówó san, a ò ní bá wọn sọ àkọ́bí Morẹ́nikẹ́ ọmọ wa lórúkọ ní Òkìtìpupa.

"Bá mi kí i."

"Kóló kì í jíṣẹ́, bàbá."

Mo wúkọ́. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o jí ire?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo jí ire, olórí kunkun mi. Mo ti sanwó ọkọ̀. Ẹ pè mí lójú oorun lóru àná, mo sì dáhùn, òun ni kóló gbọ́ tó fi ṣí. Èmi ni mo ní kó fi yín ṣẹ̀fẹ̀."

N ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé Òkìtìpupa.