Kí Lẹ Ó Rí Lónìí?

"Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà Àsàkẹ́. Kí lẹ ó rí lónìí?"

Ilẹ̀kùn ilé ìwádìí ìjọba Faransé ní ìlú Pobẹ̀, ní ilẹ̀ Benin, ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Òfin ni: olùwádìí ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó máa rí, kó tó wọlé lọ wá a. Ó ti rẹ Àsàkẹ́ tẹnutẹnu.

"N ò tíì mọ̀."

Ilẹ̀kùn ò mira.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sáà parọ́ díẹ̀ fún un," ni Múfútáù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀. "Oòrùn ti ń pa wá."

"Ó dáa. Ẹ̀gẹ́ tí kì í jẹrà ni màá rí."

"Ẹ kú oríire!" Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Nínú ọgbà, gbogbo ẹ̀gẹ́ ló ti jẹrà. Àmọ́ lára ọ̀kan tí àìsàn ti pa, ewé tuntun ń yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Àsàkẹ́ ò rí irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ kígbe ayọ̀, ó tún gbé e mì. Ohun tí èèyàn ò bá dárúkọ lẹ́nu ọ̀nà, wọn kì í gbà pé ó rí i.

Ó fi apẹ̀rẹ̀ bo ewé náà.

"Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ n tíì rí ọ," ló sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó dọ̀la."