Ohùn Kejì

"Ẹ dákẹ́ jàre! Ẹnì kan ń ba orin yìí jẹ́," ni olùdarí akọrin pariwo. "Ẹ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣì í kọ, ilé yá."

Obìnrin aránṣọ ló kọ́kọ́ kàn. Òun ló wọ ẹgbẹ́ akọrin kẹ́yìn, kò sì tíì mọ ohùn kejì, ti àwọn obìnrin, dájú. Ó pajú dé, ó kọ ọ́ láìkọsẹ̀.

"Ó dùn! Ó kan onígbàjámọ̀."

Onígbàjámọ̀ tó máa ń jókòó tì í, tó yẹ kó kọ ohùn ìsàlẹ̀, wúkọ́. Ohùn kejì ló kọ látòkèdélẹ̀. Ibi tí aránṣọ ti mí gan-an lòun náà ti mí.

"Yéè! Bọ̀dá ti bá ohùn olóhùn lọ!" ni akọrin kan ké.

Olùdarí nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Kí onígbàjámọ̀ tó dìde, aránṣọ ti gbé báàgì tirẹ̀ láti bá a lọ.