Ìbéèrè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń Bi Mí

Ọ̀la ni ìdánwò màìkrobáyọ́lọ́jì, ẹ̀rù sì ti fẹ́ pa mí.

Mo ti féèlì ẹ̀ rí. Tí mo bá tún féèlì, wọ́n á lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

Mo jókòó sí yàrá mi ní Garki, mo ṣí ìwé síwájú.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ìyá Diméjì, láti ilé wọn ní Jikwoyi.

"Ànú, tí wọ́n bá ní kí o sọ àmì àrùn yírùnyírùn, kí lo máa sọ?"

Inú mi dùn pé wọ́n fẹ́ bá mi kàwé.

"Ara gbígbóná, orí fífọ́, èébì. Ọrùn á gan."

"Á gan báwo?"

"Àgbọ̀n ò ní lè kan àyà."



"Tí èèyàn bá ṣí kọ́tìnnì ńkọ́?"

"Ojú rẹ̀ ò ní lè gba ìmọ́lẹ̀."

"Tó bá ti lo Panadol, tí ara ò tutù?"

"Panadol ò lè pa bakitéríà yẹn, Àǹtí. Abẹ́rẹ́ ni, kíákíá. Tí wọ́n bá fi falẹ̀, ó lè pa ọmọdé kílẹ̀ tó mọ́."

Ohùn wọn ń gbọ̀n. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

"Àǹtí, inú ìwé wo lẹ ti ń mú ìbéèrè yìí?"

"Ìwé kankan ò sí lọ́wọ́ mi, Ànú. Diméjì ni mò ń wò."

Mo kígbe: "Ẹ gbé e! Ọsibítù, Àǹtí, báyìí-báyìí!"

Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré, tí wọ́n ń ké pe ọlọ́kadà.

Mo tẹ́tí títí, mi ò gbọ́ ohùn Diméjì.