Báàgì Ọmọ Tín-ín-rín

Bàtà ni ìyàwó Alfa kọ́kọ́ ń wò káàkiri nínú ọjà Ìkàrẹ́, kó tó rọra nawọ́ sí báàgì ìwé.

“Ọmọ mi obìnrin ló ń padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.”

“Ẹ kú oríire, Àlàájà! Ṣé ó sanra?”

“Rárá o. Ọmọdé tín-ín-rín ni.”

Oníbáàgì wo èjìká Àlàájà lẹ́ẹ̀kan, ó tún okùn báàgì ṣe, ó sì fi bírò méjì ṣe èènì. “Ọmọ náà ò níí dójú tì yín.”

“Àmín o.” Ojú tì í, ilẹ̀ ló ń wò.

Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i, ó gbé báàgì náà kọ́ ẹ̀yìn. Okùn tí oníbáàgì tún ṣe fún ọmọdé tín-ín-rín bá èjìká ńlá rẹ̀ mu rẹ́gí.