Ìkíni láti Ẹ̀rọ Kẹta

Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kuántọ́ọ̀mù, ìsokọ́ra àṣírí ilé iṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan bá ránṣẹ́, kò sí ẹ̀dá tó lè mọ èwo ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìbídùn àti Ṣówándé nìkan ló kù nídìí iṣẹ́. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ kẹta, ti Ọ̀gá Òjédélé, láti ọjọ́ tí wọ́n sin ín.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé: “Ẹ kú ilé o.”

“Ṣówándé, ṣé ìwọ ni? Ẹni tó ti òde dé ló ń kí ará ilé!”

“Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi kò kan nǹkan. Ẹ má dá a lóhùn o!”

Ṣùgbọ́n ọmọ àbíkọ́ ni Ìbídùn. Ìka rẹ̀ ti tẹ “Ẹ káàbọ̀” lọ.

Lẹ́yìn wọn, àga Ọ̀gá rọra dún, bí ìgbà tí arìnrìn-àjò bá jókòó.