Ewé Ilá Ìyá Abíọ́lá

Lọ́dún 1994, òwú Nehemiah Ajíbádé là dáadáa, ṣùgbọ́n ewé kò fẹ́ kúrò lára igi rẹ̀. Lẹ́yìn Itagunmodi ni oko náà wà, létí odò kékeré kan. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn tó ń ra òwú ní Òṣogbo dá tirẹ̀ padà lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní èérún ewé ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lọ bá Mùtàlíbù tó ń ta oògùn oko ní Alekuwodo, l'Òṣogbo, ó sì ra èyí tí wọ́n ń fín sí òwú kó lè wọ́wé kí wọ́n tó kórè.

Mùtàlíbù kìlọ̀ fún un dáadáa. Ó ní kó fi aṣọ bo imú. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá gbin ilá sí tòsí, kó tètè sọ fún un, nítorí ilá àti òwú jọra, ohun tó bá ṣe ọ̀kan lè ṣe èkejì.

Ìyá Abíọ́lá gbin ilá sí tòsí. Opó ni. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàrin ilá ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ àti òwú Nehemiah. Òun àti ìyá Nehemiah ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì rí, òun ló sì ń wẹ ìyá náà nígbà tó wà lórí àìsàn tó gbẹ̀mí rẹ̀. Abíọ́lá nìkan lọmọ tó bí, ó sì ti lọ sí Èkó, kì í sábà wálé. Nehemiah mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ obìnrin náà, kò yà sílé rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fín oògùn, ó rò ó pé bí òun bá lọ kìlọ̀ fún un, òun á kọ́kọ́ ní láti jókòó ṣàlàyé ibi tí òun wà látọjọ́ yìí. Kò lọ.

Ó gbé páńpù tí bàbá rẹ̀ fi ń fín kòkó kọ́ ẹ̀yìn. Ìhà odò, níbi tí ilá wà, ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, ó ń gbé oògùn náà padà lù ú títí aṣọ rẹ̀ fi tutù. Kò pẹ́ sígbà náà tí ewé òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, tó wá ku funfun nìkan lórí igi. Ìyá Abíọ́lá ń kọjá lọ, ó dúró, ó béèrè ohun tó ṣe òwú náà. Nehemiah ní oògùn ni òun fín sí i. Ó béèrè bóyá oògùn náà lè ṣe ilá. Nehemiah wolẹ̀, ó ní kò yẹ kó ṣe é. Obìnrin náà wo àwọn igi náà pẹ́ kó tó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá pè é. Ilá rẹ̀ ti wà níhòòhò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ewé wà nílẹ̀ lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣì tutù.

"Nehemiah, mi ò pè ọ́ láti bá ọ jà," ló wí. Ó ń fi etí ìró nu oje kúrò ní ìka rẹ̀. "Mo kàn ní kí o wá wò ó ni."

Ì bá sàn lójú Nehemiah kó bú òun. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ewé náà. Kò lè sọ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún òun. Ó rántí ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé afẹ́fẹ́ lè yí padà nígbà tí òun ti lọ tán.

Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí kì í kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Ó ń pọn omi sí ilá, ó ń ro ìdí rẹ̀. Obìnrin náà á ti sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ dè é, á máa sọ fún un bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣi orin kọ tí gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín. Nehemiah bá a tún òrùlé ilé ìdáná ṣe. Ìyàwó rẹ̀, Ìbùkúnolúwa, ń gbé ọbẹ̀ ránṣẹ́, àwọn ọmọ ń lọ sùn tì í. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àárín wọn ni Ìyá Abíọ́lá ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń kí Nehemiah pé ó kú ìtọ́jú opó, òun sì ń sorí kọ́. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tó yá, ilá bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé.

"Ìyá, ó ti ń padà bọ̀ sípò," ni Nehemiah wí. "Láìpẹ́ ẹ ò ní nílò mi mọ́."

Obìnrin náà ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí iná. Nígbà tí Nehemiah dìde, ó gbójú sókè.

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Òṣogbo ni mò ń lọ, Ìyá. Mo fẹ́ rí àwọn tó ń ra òwú."

Ó ṣàdúrà fún un pé yóò lọ re, yóò bọ̀ re.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí ọkọ̀ kankan tó gbéra, nítorí pé epo bẹntiróòlù ti wọ́n. Nehemiah padà sẹ́yìn, ó gba ọ̀nà odò. Ó ti pinnu pé lónìí òun á sọ ohun tí Mùtàlíbù sọ fún òun àti ìdí tí òun kò fi wá kìlọ̀. Ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu bó ti ń lọ, ìtìjú sì ń mú un láàgùn nínú ọyẹ́.

Ìyá Abíọ́lá wà láàrin ilá, ó kẹ̀yìn sí i, ó ń já àwọn ewé tuntun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń rọra tò wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ igi wọn.